Ìrètí Wa, Ìbànújẹ́ Ẹlòmíràn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùfẹ́ bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ kí a bi àwọn, pàápàá jùlọ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn bá ń múra àtilọ gbá ìdíje ife nílùú onílùú. Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa retí ohun tí yóò mú inú tirẹ̀ dùn, nígbà tí ó mọ̀ dájú pé ohun kan náà ni yóò ba inú ẹlòmíràn jẹ́? Bí àgbẹ̀ bá ń tọrọ òjò, kò tọrọ pé kí oko aládùúgbò òun gbẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbàdúrà kí òun yege nínú ìdánwò, kò pọn dandan kí ẹnìkejì rẹ̀ fìdí rẹmi kí àdúrà náà tó gbà. Ṣùgbọ́n ife kan ṣoṣo ni ó wà lórí tábìlì, ẹgbẹ́ méjì ni ó sì ń nawọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ní, "Ọlọ́run, jẹ́ kí a gbà á," ti sọ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ pa á mọ́ sínú, pé, "Ọlọ́run, má jẹ́ kí wọ́n gbà á."

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Kí ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí ń wá nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Eré ni bọ́ọ̀lù, eré ni kí a fi í ṣe." Bẹ́ẹ̀ ni, eré ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbà ọkùnrin tí omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí eré yìí. Mo ti rí ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ nítorí rẹ̀, mo sì ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn kò kí ara wọn fún odidi oṣù kan. Ènìyàn kì í sunkún nítorí ohun tí kò jámọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Níbi tí ọkàn bá gbé wúwo tó bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni ó yẹ kí a ti yẹ ìwà wò. Nítorí ìwà tí ènìyàn ń hù nígbà tí ó rò pé eré lásán ni òun ń ṣe, òun gan-an ni ìwà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ ìdíje ife, tí mo sì fi mú èyí tí a ń lọ gbá lẹ́yìn odi. Nínú líìgì, ẹgbẹ́ tí ó bá ṣubú lónìí lè dìde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọjọ́ pọ̀ níwájú rẹ̀. Ti ife kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sábà máa ń pàdé, ẹ̀ẹ̀kan nílé wa, ẹ̀ẹ̀kan nílé wọn, lẹ́yìn èyí ọ̀kan yóò máa lọ, ọ̀kan yóò sì padà sílé lọ jókòó. Èyí ni ó mú kí ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò náà gùn ju oṣù kan lọ. Gbogbo ènìyàn a di onímọ̀ ìṣirò. Wọn a máa ka ayò bí ẹni ń ka owó: bí a bá gbá ọ̀kan wọlé lọ́hùn-ún, mélòó ni wọn yóò gbá kí wọ́n tó lè bá wa? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ìtàn àwọn ará Ìbàdàn ni mo mọ̀ jù, òun ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí à ń pè ní IICC nígbà náà, dé ìparí ìdíje ife àwọn tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Ẹni tí wọ́n bá pàdé ni Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Ẹgbẹ́ kékeré kọ́ ni Tonnerre: òun ni ó gba ife yìí kan náà ní ọdún 1975, Roger Milla tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà sì wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ láyé ìgbà náà. Àwọn ará Ìbàdàn nà wọ́n nílé ní ayò 4 sí 1. Wọ́n wá kó ọ̀nà Yaoundé pọ̀n. Ẹ fojú inú wo ọkàn àwọn tí ó wà nílé, tí wọ́n ń ka ayò: bí Tonnerre bá tilẹ̀ fi ayò 2 borí, ife ṣì di tiwa. Tonnerre borí lóòótọ́ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ayò 1 péré ni. Àròpọ̀ rẹ̀ di 4 sí 2, Shooting Stars sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i pé ní ọjọ́ tí ayọ̀ ńlá yẹn dé, ńṣe ni ẹgbẹ́ náà pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó gbá.

Ìgbà kò lọ bí òréré. Ní ọdún 1984, nínú ìparí ìdíje àwọn tí ó gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn, Zamalek ti Cairo fi ayò 2 sí òdo borí Shooting Stars nílé rẹ̀, ó sì tún wá fi ayò 1 sí òdo borí wọn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1996, wọ́n tún pàdé nínú ìparí ìdíje kan náà. Ìbàdàn borí nílé ní 2 sí 1. Zamalek borí ní Cairo ní 2 sí 1. Ayò dọ́gba, ó di ọ̀rọ̀ pẹnárítì, Zamalek sì gbé ife lọ pẹ̀lú 5 sí 4. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó pín ìlú méjì níyà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn: ìlú kan ń jó, èkejì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yẹn gba ibòmíràn lọ, tiwa ni ìbá jẹ́ ijó, tiwọn ni ìbá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ibi tí ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò lè tọrọ ijó náà kí a má tọrọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà fún ẹnìkan.

Mo ti wà láàrin àwọn tí ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn kan nínú wa yóò wọ ọkọ̀ tẹ̀lé ẹgbẹ́ wa lọ sí ìlú òkèèrè, a péjọ láti gbàdúrà. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ni ó ṣáájú. Ó tọrọ ìrìn-àjò ire, a ṣe àmín. Ó tọrọ okun fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí ọwọ́ aṣọ́lé wọn rọ, kí òòyì kọ́ àwọn tí ń gbá ẹ̀yìn fún wọn, kí ẹsẹ̀ ọmọ kan báyìí tí ó máa ń gbá ayò wọlé fún wọn má lè ru ú dé pápá. Àmín náà wá lágbára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n rí i, ó sì bi í léèrè bóyá ti àwọn ọ̀hún ni ó ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tiwa ni mò ń ṣe, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí a nà wọ́n ní 3 sí òdo. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe àmín sí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn tí yóò rọ. Ìyá kan ni ó bí i." Ilé dàrú. Títí di ọ̀gànjọ́ òru ni a fi jiyàn, mo sì ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ náà wá.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n sọ. Èkíní, wọ́n ní ẹnu lásán ni; kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ nítorí ariwo akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, wọ́n ní àwọn ọ̀hún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa ní tiwọn, bí a kò bá sì dá a padà, a ó kàn jókòó gba èpè ni. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ogun ni bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tí ń bá ọ̀tá dárò lójú ogun.

Ti èkíní kò ṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ni kò yẹ kí ó sọ pé ẹnu lásán ni ọ̀rọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bí èpè náà kò tilẹ̀ dé ara ẹni tí a ṣẹ́ ẹ fún, ó ti gba inú ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ kọjá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ ẹnìkan kán, ǹjẹ́ yóò ṣòro fún un láti ju òkò bí ó bá dé pápá? Ti èkejì náà kò ṣòro. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí àwọn ọ̀hún bá ń da eérú, ẹ jẹ́ kí eérú wọn máa tọ̀ wọ́n lọ. Èwo ni ti kí àwa náà lọ bu tiwa?

Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí a dúró tì. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ogun pọ̀ lẹ́nu wa bí a bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. A ní a nà wọ́n, a lù wọ́n, a fọ́ wọn túútúú. Èmi pàápàá ti lo ọ̀kan nínú wọn lókè yìí nígbà tí mo ń sọ ìtàn ọdún 1976. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa mú jáde nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún bọ́ọ̀lù tí ó bá wọlé. Wọn kò pè é ní ọfà, wọn kò pè é ní ìbọn. Wọ́n pè é ní ayò. Abẹ́ igi, níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò lọ́sàn-án, ni wọ́n ti lọ mú un, kì í ṣe ojú ogun.

Gbogbo wa ni a mọ ayò. Ihò 12 ni ó wà nínú ọpọ́n, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ 48. Ènìyàn méjì ni yóò dojú kọ ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpe, àwọn òǹwòran a sì máa fi òpe ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi dìde. Ọ̀ta fẹ́ kí òpe pàdánù, kò sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbọ́ rí pé ọ̀ta kan gbàdúrà kí ọwọ́ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ rọ? Bí ọwọ́ ẹni náà bá rọ, pẹ̀lú ta ni yóò ta á? Ẹni tí ó ń bá mi ta ayò kì í ṣe ìdènà tí ó dúró láàrin èmi àti ayọ̀ mi. Òun ni ó jẹ́ kí ayọ̀ náà wà rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Tonnerre ọdún 1976. Bí ó bá jẹ́ pé àrùn ti dá àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì fi àwọn ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rọ́pò wọn, ta ni yóò máa sọ ìtàn ayò 4 sí 1 títí di òní? Agbára ẹni tí a borí ni ó ń fún ìborí wa ní ìwọ̀n.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni o sọ pé a kò lè tọrọ ìborí tiwa kí a má tọrọ ìṣubú tiwọn? Kí wá ni ìyàtọ̀ láàrin ìwọ àti Ẹ̀gbọ́n?" Ìyàtọ̀ náà wà nínú àdéhùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje, ó ti gbà pé òun lè pàdánù. Ìpàdánù wà nínú àdéhùn, ìbànújẹ́ tí ó sì tẹ̀lé e wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá ń retí pé kí wọ́n pàdánù, ohun tí àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí pé ó lè dé bá àwọn ni mò ń retí. Èmi náà sì ti fọwọ́ sí i pé ó lè dé bá mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kíkán kò sí nínú àdéhùn. Ọwọ́ rírọ kò sí níbẹ̀. Rẹfirí tí a fún ní rìbá kò sí níbẹ̀, òkò tí a jù sí ọkọ̀ àlejò kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń retí ìwọ̀nyí ti jáde kúrò nínú eré náà, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ẹgbẹ́ sọ́rùn.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ irú ìrètí tí ó wà nínú òun? Nílé, ó ṣòro láti mọ̀. Nílé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń pariwo ohun kan náà. Ohun tí olúkúlùkù fẹ́ kò fara hàn nínú ariwo náà. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìrìn-àjò lọ sí ilé onílé kún. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó dé ìlú tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀, tí kò sì gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, níbi tí ohun tí ó jẹ́ àṣà nílé rẹ̀ ti lè jẹ́ èèwọ̀. Àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù pàápàá mọ̀ pé ilé onílé kò rọrùn. Ní ọdún 1965 ni UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ òfin kan pé bí ayò bá dọ́gba lẹ́yìn ìpàdé méjèèjì, ẹni tí ó bá gbá ayò wọlé jù nílé ẹnìkejì ni ó borí. Ó di ọdún 2021 kí wọ́n tó fagi lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà pé ayò tí a gbá ní ilé onílé wúwo ju èyí tí a gbá nílé lọ.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yóò ti rí àwọn tí ìrètí rẹ̀ yóò bà nínú jẹ́, lójúkojú. Obìnrin tí ó bu oúnjẹ fún un ní ìdíkọ̀ lè ní ọmọkùnrin tí ó kun ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ẹgbẹ́ ìlú náà. Awakọ̀ tí ó fi ọ̀nà pápá hàn án ń lọ síbẹ̀ láti pariwo mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi lé wa lọ́wọ́ nìyí: ìrètí tí ènìyàn bá lè sọ jáde lójú obìnrin yẹn, láìbò ó, ni ìrètí tí ó tọ́. Bí mo bá ní, "Màmá, a ti wá gba ife yín o," yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dá mi lóhùn pé kí n jẹun yó dáadáa, nítorí pé ebi ìpàdánù ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ eré ni, a sì ti jọ mọ àdéhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì wí pé, "Màmá, mo ti gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ ọmọ yín rọ"? Àdúrà tí a kò lè gbà lójú ẹni tí ó kàn, kò yẹ kí a gbà á lẹ́yìn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àlejò nìkan. Ó kan onílé pẹ̀lú, bóyá ó tilẹ̀ kàn án jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2012, Al Ahly ti Cairo lọ gbá bọ́ọ̀lù líìgì pẹ̀lú Al Masry ní ìlú Port Said, ní Íjíbítì. Al Masry, tí ó jẹ́ onílé, ni ó borí, 3 sí 1. Ohun tí wọ́n ń retí tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí fèrè ìparí ti dún, àwọn ènìyàn ya wọ pápá, wọ́n kọlu àwọn àlejò. Ènìyàn 74 ni ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀lé Al Ahly wá láti wo bọ́ọ̀lù. Mo bẹ̀ yín, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìborí nìkan ni àwọn tí ó kọlù wọ́n fẹ́, ìborí ti wà lọ́wọ́ wọn. Ohun mìíràn ti wọ inú ìrètí wọn tipẹ́tipẹ́, ayò 3 kò sì lè tẹ́ ohun náà lọ́rùn.

Nílé wa náà, ọ̀nà àlejò kò dán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, àwọn adigunjalè yìnbọn lu ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars nígbà tí wọ́n ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òwèrrì; agbábọ́ọ̀lù 5 ni ó fara gbọgbẹ́. Àwọn adigunjalè ni ó ṣe é, kì í ṣe àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá rántí irú ọ̀nà tí àlejò gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu rẹ̀ yóò kọ láti tọrọ pé kí ọ̀nà wọn dí. Lójoojúmọ́ ni ọ̀nà ń dí fún àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí láìjẹ́ pé ẹnìkan gbàdúrà rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fà yọ, ọ̀rọ̀ náà sì kéré púpọ̀: ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ "a". Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù láti ìgbà èwe rẹ̀ yóò sọ pé, "A nà wọ́n." Àwọn kan a máa fi í rẹ́rìn-ín, wọn a bi í pé ipò wo ni ó gbá. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bákan náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 11 nìkan kò lè jẹ́ Ìbàdàn. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n bá pàdánù. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ́tí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó wí lánàá pé, "A gbá bọ́ọ̀lù bí idán," yóò wí lónìí pé, "Wọ́n gbá ìgbákugbà." Ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú "a", ó ti sọ ọ́ di "wọ́n". Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú onílùú kò rí ibi yọ ara rẹ̀ sí. Aṣọ tí ó wọ̀ ti sọ ẹni tí ó jẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni "a" tọ́ sí ní ọjọ́ ayọ̀, nítorí pé ó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ ìbànújẹ́.

Àwọn èdè kan wà láyé tí ó ní "a" méjì. Nínú èdè Malay, "kami" ni àwa láìka ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀. "Kita" ni àwa tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ni tiwa, ó gbà fún méjèèjì. Mo rò pé àǹfààní ni èyí jẹ́ fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní òpin eré, tí àlejò bá dúró ní ẹnu ọ̀nà pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé, tí ọ̀kan nínú wọn sì wí pé, "A wo eré tí ó dára lónìí," ta ni ó wà nínú "a" yẹn? Àwọn méjèèjì ni. Ọ̀kan borí, ọ̀kan pàdánù, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ṣe ohun kan tí ẹnìkan kò lè dá ṣe. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Nítorí náà, èsì mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí a máa retí ìborí lórí ẹlòmíràn, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí àwa náà gbà pé ó lè dé bá wa ni a ń retí fún un. Kí a sọ ìfẹ́ ọkàn wa fún Ọlọ́run bí ọmọ ti ń sọ fún baba rẹ̀; ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọmọ Rẹ̀ ni ẹni tí ó wà lódì kejì pápá, àti pé òun náà ń sọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí baba yóò ṣe láàrin ọmọ méjì, kí a fi í sílẹ̀ fún un. Àwọn nǹkan wà tí Ó lè fún àwọn méjèèjì pọ̀ láìyọ ẹnìkan sílẹ̀: ọ̀nà tí kò léwu, ara líle, rẹfirí olóòótọ́, àti àtidé ilé láyọ̀. Ìwọ̀nyí ni kí àmín wa lágbára sí jù.

Sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ óò tún máa wọ ọkọ̀ tẹ̀lé ẹgbẹ́ wa lọ sí ẹ̀yìn odi, mo kí yín pé ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ mú ìlù yín dání, ẹ kọrin débi tí ohùn yín yóò há. Ẹ sọ fún wọn ní ojú wọn pé ife ni ẹ wá gbà. Bí ẹ bá borí, ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ obìnrin ìdíkọ̀ yẹn kí ẹ tó máa bọ̀, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ pé. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ rà á pẹ̀lú. Yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Nígbà tí ẹ bá délé, tí a bá bi yín léèrè bí ó ti rí, ẹ má ṣe wí pé wọ́n pàdánù. Ẹ wí pé a pàdánù.